Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Fẹjọ́ Mi Sùn Mí

Nígbà tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí n máa fi ìyà jẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa yàn fún mi: tí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ kejì bá ń dà wá láàmú jù, kí n wọlé lọ dúró tì í, kí n máa fi ìgúnpá gún un, kí n máa gbá a lọ́wọ́, títí rẹfirí yóò fi lé mi jáde. Tí wọ́n bá ti lé mi jáde, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Màá lọ jókòó, màá mu omi.

Màmá mi ò mọ èyí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé nítorí bọ́ọ̀lù, ọ̀fẹ́ ni mo kàwé. Lójú tiwọn, ọkọ̀ lásán ni bọ́ọ̀lù. Ó ti gbé ọmọ àwọn dé ibi tí ìwé ẹ̀rí wà, ó yẹ kí ọmọ àwọn sọ̀kalẹ̀, kó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, kó máa lọ.

Mo sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Mo ríṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Suitland, nílẹ̀ òyìnbó níbí, níbi tí mo ti ń jókòó láàárín pátákó mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní ọ́fíìsì, tí mò ń kó ìwé láti ojú kan sí ojú mìíràn lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni mo ṣe láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ojú á tì mí láti dáhùn. Ṣùgbọ́n Màmá mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ojú. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ràn káàdì tí mò ń fi kọ́rùn ju iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé kò sí ohun tó burú nínú kí n gbé e kọ́rùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún wọn pé mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, pé ilé-ìwé girama kan nítòsí Hillcrest Heights ti gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn ní bọ́ọ̀lù, wọn ò pariwo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ti bọ́ bàtà kan, èkejì wà lẹ́sẹ̀. Wọ́n wò mí títí.

"Bọ́ọ̀lù tí o ti gbá tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O tún fẹ́ padà lọ gbá a?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ni. Kí àwọn náà lè fi bọ́ọ̀lù dé yunifásítì, kí wọ́n lè ríṣẹ́ gidi."

"Irú iṣẹ́ gidi tí ìwọ ń sá kúrò níbẹ̀ yìí?"

Wọ́n bọ́ bàtà kejì, wọ́n wọ yàrá lọ sùn. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, a ò sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàbọ̀ lọ lórí fóònù.

Kí n tó gba iṣẹ́ náà, èrò mi ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ẹni tó ń káwọ́ lẹ́yìn rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó ń dán, tí gbogbo ènìyàn ń wo ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, fèrè kan, àti mọ́ọ̀pù. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé mọ́ọ̀pù ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òrùlé jíìmù wa ń jò, abẹ́ agbọ̀n apá òsì gan-an ló sì yàn láti máa jò sí. Tí òjò bá ti rọ̀, èmi ọ̀gá ni màá kọ́kọ́ nu ilẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń fọ aṣọ àwọn ọmọ. Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wọn lọ. Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, lẹ́tà tí òbí kankan ò kà rí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan bá mi níbi tí mo ti ń ti garawa, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun pe kóòṣì. Mo ní kó dúró díẹ̀. Mo wọlé, mo gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri, mo so fèrè mọ́rùn, mo jáde sí i. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní ti bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ nípa iye ìgbà tí wọ́n nà wá. Mo ṣàkíyèsí pé ohun tí mo lè kọ́ àwọn ọmọ náà láìwòwé ni bí wọ́n ṣe ń fi ìgúnpá gún ènìyàn tí rẹfirí kò fi ní rí i. Ìyókù, àfi kí n lọ máa wo fídíò nílé. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn. Mo ń dé ilé mi ní Seat Pleasant pẹ̀lú ohùn tó ti há, ẹsẹ̀ ń ro mí, mò sì ń rẹ́rìn-ín nìkan bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Láàárín pátákó mẹ́ta ọjọ́sí, mi ò rẹ́rìn-ín nìkan rí.

Mo tún le koko. Mo ti rí i lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lórúkọ pé wọ́n máa ń ní òfin kan tí wọn kì í yí padà, èmi náà sì ṣe tèmi: ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìgbáradì, bẹ́ǹṣì ni yóò wà ní ìdajì àkọ́kọ́ eré tó bá tẹ̀lé e. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìdí. Gbólóhùn yẹn dùn lẹ́nu mi púpọ̀. Mo máa ń sọ ọ́, màá sì yíjú kúrò kí ọmọ náà tó lanu.

Wàyí o, ohun tó ń dun Màmá mi nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tí wọ́n máa jẹ́ láàárín ẹgbẹ́ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà ní ẹgbẹ́ àdúrà kan lórí fóònù, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n sì fi ń pe ìyá níbẹ̀. Ìyá Dókítà wà, òun ni olórí wọn. Ìyá Lọ́yà wà. Ìyá Ẹnjiníà náà wà, bẹ́ẹ̀ ẹnjiníà ọ̀hún ṣì ku ọdún mẹ́ta kó jáde, ó sì ti pààrọ̀ ohun tó ń kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n bi Màmá mi pé kí ni ọmọ tiwọn ń ṣe báyìí, wọ́n ní, "Ó wà ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́."

Kì í ṣe irọ́. Inú ilé-ìwé ni mo wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú kan. Nígbà tí òtútù fi dé, mo ti di ọ̀gá kékeré kan ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí yìnyín fi yọ́ tán, wọ́n ti fi mí jẹ Dírẹ́kítọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Dírẹ́kítọ̀ wa." Mo pe Màmá mi kí n tó dé ìdí mọ́tò.

"Ta ló ní kí ẹ pè mí ní Dírẹ́kítọ̀?"

"Èmi ò pè ẹ́ ní nǹkankan. Wọ́n bi mí bóyá o ní àwọn ènìyàn lábẹ́ rẹ, mo ní o ní méjìlá. Àwọn ni wọ́n fúnra wọn parí ìyókù."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn méjìlá náà. Mi ò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, nítorí pé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fi ààmì ogójì nà wá, ó sì tù mí lára díẹ̀ kí wọ́n máa kí mi kú iṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dá wà, ó ń dùn mí wọra. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ Màmá mi: kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lójú ẹlòmíràn, pé kóòṣì ni ọmọ àwọn. Wọn ò sọ ọ́. Wọn ò wá wo eré wa kankan rí. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, kódà lọ́jọ́ tí mò ń gbóhùn tẹlifíṣọ̀n wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n pè mí. "Yà sílé lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ kóòtù dúdú tí o máa ń wọ̀ lọ sí Suitland."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?"

"Ìyá Dókítà fẹ́ rí ẹ. Àbíkẹ́yìn wọn ní wàhálà ní school. Kò sí nǹkan tí o máa ṣe. O kàn máa gbọ́ ni, o máa mi orí."

Mi ò tíì fojú kan Ìyá Dókítà rí. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kó dé láti Houston, ohùn wọn nìkan ni mo mọ̀, láti inú fóònù Màmá mi, níbi tí wọ́n ti ń fi àdúrà fọ́ odi. Mo ní mi ò wá. Màmá mi ní ó dáa. Bí wọ́n ṣe sọ "ó dáa" yẹn, mo mọ̀ pé màá wá.

Aago méjì ni wọ́n dá. Aago mẹ́rin ti kọjá kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Màmá mi ti to mọ́ọ̀tì àti ṣinṣín sórí tábìlì kékeré. Ìyá Dókítà wọlé, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí gèlè rẹ̀ fẹ́ kan àtẹ́rígbà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn wọn.

Ọmọ ẹgbẹ́ mi ni. Òun ló ga jù nínú àwọn méjèèjìlá, òun ló sì mọ̀ ọ́n gbá jù. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni mo mú un jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítorí pé ó pẹ́ wá síbi ìgbáradì, ìgbà kẹta rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí ìwé, mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ọmọ Ìyá Dókítà ni. Ojú rẹ̀ là. Ó wo kóòtù dúdú, ó wo ojú mi. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, bí àwọn tí wọ́n bí síbí ti ń ṣe é, bí ẹni tó ń wá yẹtí tó jábọ́.

"Good afternoon, ma," ló sọ. Kò pè mí ní Coach. Ó lọ jókòó sí igun àga.

"Ẹ̀yin Dírẹ́kítọ̀," ni Ìyá Dókítà bẹ̀rẹ̀, "a ti ń gbọ́ ìròyìn yín. Màmá yín kì í parí àdúrà kí wọ́n má dárúkọ yín."

"Ọmọ yín ni mí, mà. Ẹ má fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Ipò ni ipò ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kóòṣì kan wà ní school ọmọ yìí." Wọ́n dárúkọ ilé-ìwé náà. Màmá mi ń da mọ́ọ̀tì sínú ife lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn dúró lójú kan, ife kún, ó ń dà sórí aṣọ tábìlì. "Obìnrin ni. Mi ò tíì rí i rí o, mi ò sì fẹ́ rí i. Ọmọ mi ló ga jù láàárín wọn. Ọlọ́run ló fún un ní height yẹn, kì í ṣe county tó ni school wọn. Obìnrin yìí ní kó lọ jókòó! Gbogbo first half! Ó wà lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń dúró de visa. Ẹkún ló sun délé."

Mo wo ọmọ náà. Ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó sọ ìdí, mà?"

"Ó ní ó pẹ́. Late! Ọmọ tí kò lè wa mọ́tò, ṣé òun ló pẹ́ ni? Èmi ni mo pẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Saturday ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Aago méje ààbọ̀ ni shift mi ń parí. Kí n tó fa àwọn patient lé ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́wọ́, kí n tó wakọ̀ délé, kí n tó wá gbé e, ṣé aago mẹ́jọ á máa dúró dè mí ni? Àbí kí n fi ẹni tó ń mí gúlegúle sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo jẹ́ ọmọ nọ́ọ̀sì. Mo ti dúró lẹ́nu fèrèsé rí pẹ̀lú báàgì bọ́ọ̀lù léjìká, tí mò ń retí mọ́tò Màmá mi láti ilé ìwòsàn, tí mo mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ níbi tí mò ń lọ. Mo mọ aago tí nọ́ọ̀sì alẹ́ ń délé ju orúkọ mi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yìí sì lanu láti sọ ọ́ fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yíjú kúrò. Ojú tì mí gidigidi.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Màmá mi wò mí, irú wíwò tí ìyá fi ń sọ fún ọmọ lóde pé kò gbọdọ̀ gba ẹran tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mí, mo sì pa ẹnu dé.

"Màá bá kóòṣì náà sọ̀rọ̀, mà," ni mo sọ.

"Ọ̀rọ̀ kẹ̀? Ẹ lé e!"

"Bóyá ká kọ́kọ́ kì í nílọ̀, mà. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni."

"Ẹ lé e, ẹ jọ̀ọ́."

Báyìí ni mo ṣe jókòó nínú kóòtù dúdú tí mò ń bẹ ara mi fún ara mi. Mo ní ó lè ní ọkàn rere. Ìyá Dókítà ní ọkàn rere kì í mú ọmọ wọ yunifásítì. Mo ní ó lè jẹ́ pé ó ń sapá. Wọ́n ní kó lọ máa sapá níbòmíràn. Èjìká ọmọ náà ń gbọ̀n nígun àga. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ló ń pa á lọ.

"Ẹ mọ irú wọn," Ìyá Dókítà ń bá a lọ, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára. "Àwọn tí wọn ò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ò gbà wọ́n, wọ́n wá fẹ́ fi ìkanra mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Odidi àgbàlagbà obìnrin, tó ń wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń fọn fèrè kiri bíi yẹ́lò fífà tó ń darí ọkọ̀!"

Mi ò wọ ṣòkòtò péńpé lọ síbi iṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n Dírẹ́kítọ̀ ò lè mọ ìyẹn. Mo wo Màmá mi. Wọ́n ti fi aṣọ nu tábìlì gbẹ, wọ́n sì ń nu ibi tó ti gbẹ. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Dókítà tí àwọn fúnra wọn ò tíì sọ sí mi rí. Mo rò pé wọ́n máa mi orí ni.

"Ta ló tiẹ̀ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá Dókítà wí. "Ṣé ìyá rẹ̀ wà láyé tó ń wò ó? Ìyá tó bá rójú kọ́ ọmọ, kò lè bí irú ẹ̀."

Màmá mi gbé aṣọ ìnutábìlì sílẹ̀.

"Ìyá Dókítà."

"Ẹ wí, mà."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo bí i." Wọ́n mú ohun ìṣígò tí wọ́n fi ṣí mọ́ọ̀tì, wọ́n nà án sí mi. "Òun náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Kò sí Dírẹ́kítọ̀ kankan níbí, kóòṣì ni. Irọ́ ni mo pa, ẹ fi orí jìn mí. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní bú ọmọ mi nínú ilé mi, kí ẹ tún fi mọ́ọ̀tì mi sìn ín."

Ìyá Dókítà wo ohun ìṣígò náà, wọ́n wò mí.

"Hi, Coach," ni ọmọ náà wí láti igun.

Ìyá Dókítà yíjú sí i. "O mọ̀?"

"Yes, Mommy."

"O mọ̀ pé Yorùbá ni, o ò sọ fún mi? Kí ló dé?"

"Because you would have asked for her number."

Mo wá lọ sórí orúnkún mi, ìkúnlẹ̀ tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní ẹ̀bi mi ni, pé mi ò béèrè, pé ó yẹ kí n ti béèrè láti ọjọ́ kìíní. Mo ní ilé wọn kò jìnnà sí ọ̀nà mi, èmi ni màá máa gbé ọmọ náà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ìyá Dókítà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bóyá wọ́n ń wá ṣòkòtò péńpé. Wọ́n mu mọ́ọ̀tì wọn tán díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá fi ife sílẹ̀ ti gbà pé ìjà ni. Wọ́n dìde. "Aago mélòó lẹ máa dé?" ni wọ́n bi mí. Mo ní aago méje ààbọ̀. "Ẹ má pẹ́ o," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú ọmọ wọn lọ.

Màmá mi ń kó ife jọ. Wọn ò wojú mi.

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí.

"Ṣé mo ní kí o dúpẹ́ ni? Ọmọ yẹn, ṣé ó mọ̀ ọ́n gbá?"

"Ó mọ̀ ọ́n gbá gan-an, mà."

"O wá ní kó lọ jókòó? Ẹ̀yin tí wọ́n ti nà nígbà márùn-ún léra!"

Mi ò sọ fún wọn rí pé wọ́n nà wá nígbà márùn-ún léra. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbọ́, wọ́n ní kí n gbé abọ́ ṣinṣín wá. Wọ́n bi mí ìgbà tí a tún ń gbá. Mo ní Friday, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n mú fóònù, wọ́n pe Ìyá Lọ́yà.

"Ẹ bá mi mú shift Friday mi, màá bá yín ṣe Sunday. Rárá, kò sí aburú. Ọmọ mi ni, wọ́n ní game. Bọ́ọ̀lù ni. Òun ni kóòṣì wọn." Wọ́n ń tẹ́tí sí nǹkan tí Ìyá Lọ́yà ń sọ. Èmi dúró ti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú abọ́ ṣinṣín, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lọ́wọ́ tí màá fi nù ún. "Bẹ́ẹ̀ ni, kóòṣì. Mo sọ ọ́. Head coach, kì í ṣe assistant."

Wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ti gbogbo county," ni mo gbọ́ tí wọ́n wí.